Òdo Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Wa

Lagos Town, Accra.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Àyọ̀ká, ọmọ Sáfúrátù,

Èmi bàbá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Tíṣà ló ń kọ ọ́. O mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dáadáa, torí òun ló kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà láràárọ̀ Sátidé, nígbà tí ìyá rẹ ní ọmọ òun kò ní dàgbà sí Accra kó má lè ka èdè bàbá rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ní òun máa tún un ṣe díẹ̀. Mo ní bó bá tún un ṣe, màá mọ̀. Ó ní báwo ni màá ṣe mọ̀, ṣebí n kò mọ ìwé. Mo ní ìwọ máa kà á sí mi létí lórí fóònù. Ó ti ń kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí.

O pè mí lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. O ní, "Bàbá mi, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Kí lẹ rí sí i?" Mo ní kí o fún mi di ọ̀la. O rò pé mò ń sá fún ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́ ni, mò ń sá fún un. Ọdún tí mo ti fi ń sá fún un pọ̀ ju gbogbo ọdún tí o fi kàwé lọ. Mo ti ṣíwọ́ sísá. Jókòó, kí o ka ìwé yìí tán kí o tó pè mí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ rẹ bó ṣe yé mi, torí Tíṣà ní kò yé mi. O ní ẹ ní ẹ̀rọ kan tó ń ronú. Gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn bá kọ sílẹ̀ lẹ ń kó fún un: iye ẹni tó ń yàgbẹ́, iye ẹni tó ń bì, iye ẹni tó kú, àdúgbò wo, ọjọ́ wo. Ẹ̀rọ náà á wá sọ ọ̀nà tí àrùn máa gbà kí àrùn náà tó gbéra. Ibi tó bá tọ́ka sí ni wọ́n máa gbé oògùn àti omi tó mọ́ lọ. Ibi tí kò bá tọ́ka sí, kò sẹ́ni tó máa débẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí o dán an wò, kí o wá gbogbo ibi tó ti lè ṣe èèyàn léṣe, kí o sì fọwọ́ sí i pé kò léwu, kí wọ́n tó gbé e fún ìjọba. Ṣé ó yé mi àbí kò yé mi?

Ìwọ wá rí i pé ẹ̀rọ náà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Nima, Lagos Town, gbogbo àgbàlá wa tí èèyàn kún dẹ́nu, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti mú ìròyìn wá, òdo ló ń kọ. Ó gbà pé àìsàn kò sí níbẹ̀. O sọ fún ọ̀gá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, òdo ni òdo. Bí àrùn bá wà níbẹ̀, wọ́n á sọ." Ó ní gbogbo àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i, ó ku ìwọ nìkan.

Má fọwọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn mi nìyẹn. Tíṣà ní lẹ́tà ìmọ̀ràn kì í kúrú báyìí, pé kí n fún ọ ní ìdí. Ó dáa, ìdí wà.

Èkíní ni ti ọṣẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígẹ́, tábìlì kékeré kan ni mo gbé sí oríta Circle, lábẹ́ igi. Mo mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mú ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ wá. Ó ti tẹ kọ́kọ́rọ́ sára rẹ̀, àpá kọ́kọ́rọ́ náà hàn kedere. Kò mú kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ wá, kò sì mú àgádágodo wá. Ó ní àwọn oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ti sọ pé àwọn kò lè ṣe é. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọdékùnrin tó ń gbéra ga. N kò bi í pé ilẹ̀kùn ta ni. Mo gẹ́ ẹ, mo fi epo nù ún, mo tún ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù Àlájà tó ń ta aṣọ lẹ́yìn wa lọ́sàn-án gangan, wọn kò sì fọ́ ilẹ̀kùn. Mo mọ irú àgádágodo tó ń lò. Mo lọ bá a, mo jẹ́wọ́. Ó gbá mi létí, ó ní, "Ọmọ burúkú! Ṣé torí pé o lè ṣe é lo ṣe ṣe é?" Etí yẹn ṣì ń hó títí dòní.

O ti sọ fún mi pé bí ẹnì kan bá fi ọgbọ́n bi ẹ̀rọ yín bí wọ́n ṣe ń mú àrùn le sí i, ó máa ń dáhùn, ó tiẹ̀ ń fi ìdùnnú dáhùn. Èmi ni ẹ̀rọ yẹn, lábẹ́ igi ní Circle. O ní wọ́n ti tún apá ibẹ̀ ṣe. Mo gbọ́. Tún un bi lọ́nà mìíràn. Ẹni tó mú ọṣẹ wá lónìí lè mú àbẹ́là wá lọ́la. Títí ẹ̀rọ náà á fi mọ bí a ṣe ń bi oníbàárà pé "ilẹ̀kùn ta ni?", ẹ má gbé e sí gbangba.

Ẹ̀kejì, ó ti inú èkíní jáde. Láti ọjọ́ tí Àlájà gbá mi létí, mo fòfin kan lélẹ̀ lórí tábìlì mi. N kò ní sọ pé kọ́kọ́rọ́ kan dáa àyàfi tí mo bá kì í bọ inú àgádágodo rẹ̀ fúnra mi. Àwọn oníbàárà a máa bínú. "Bàbá, ẹ wò ó, ṣebí wọ́n jọra." Mo ní n kì í ta "wọ́n jọra." Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà, tí kò lè mú àgádágodo wá, mo máa ń sọ fún un pé, "Irin ni mo fún ọ yìí o. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ, kí o padà wá sọ fún mi kó tó di kọ́kọ́rọ́." Wọ́n a rẹ́rìn-ín, wọ́n a lọ. Àwọn kan ń padà wá.

Wọn kò tíì kì ẹ̀rọ yín bọ ilẹ̀kùn Lagos Town rí. Irin ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn.

Ní ti ọkọ tí o kò tíì fẹ́, n kò ní sọ nǹkan kan nínú ìwé yìí. Tíṣà ní kí n sọ. N kò sọ.

Tíṣà ń bi mí bóyá kí òun kọ ẹ̀kẹta. Mo ní kó má fi nọ́ńbà sí èyí tó kàn. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ìwé tí o fi wáṣẹ́ yìí, o kà á sí mi létí nígbà náà, inú rẹ ń dùn. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún tí àrùn onígbáméjì pa ìyá rẹ, kò sí wolé-wolé kankan tó dé àgbàlá wa. O ní ìdí tí o fi yan iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí àwọn tí ìjọba gbàgbé má baà máa kú bẹ́ẹ̀ mọ́. O ní àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ọ. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Irọ́ ni, Àyọ̀ká. Èmi ni mo pa á fún ọ. Wọ́n wá.

O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí mo ti kọ́ irọ́ náà. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ìjọba ìgbà náà fún gbogbo àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣeré ti ń pe àwa ọmọ Yorùbá ní Alátà tipẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá mi di ẹrù, ó gun ọkọ̀ lọ sí Ìnísà. Mo ní èmi kò lọ, Accra ni wọ́n bí mi sí. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Gã, onílẹ̀ Accra, tó ń se kẹ́ńkì tà fi mí pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò ńlá nínú ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n bi í bóyá Alátà wà níbẹ̀. Ó ń ro ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè, ó ní, "Kò sí." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n wà ní Accra títí mo fi pàdé ìyá rẹ. Òun ló jẹ́ kí a bí ọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé dání wá ka èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹnu mi ti mọ ohun tó máa sọ. Gbogbo àwa tó ṣẹ́kù ní Lagos Town la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá ní èèyàn ogún, a ní márùn-ún. A kọ́ ọ fún àwọn ìyàwó wa, a kọ́ ọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Wọ́n fi mí ṣe olórí àgbàlá torí pé mo mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí onígbáméjì dé, ìwọ wà nílé ìwé ní Kumasi. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ó ń bì. Mo po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún un. Ní ọ̀sán, ọmọbìnrin kan dé. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ìwé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn: "Agoo!" Mo dáhùn pé, "Amee," bí a ṣe ń sọ fún àlejò pé kó wọlé, ṣùgbọ́n mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, n kò yà fún un. Twi la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú àgbàlá yìí?"

"Mẹ́rin."

Ó wo okùn ìsáṣọ. Aṣọ tó wà lórí rẹ̀ ju ti èèyàn mẹ́rin lọ. Ó wò mí.

"Bàbá, n kì í ṣe ọlọ́pàá o. Omi yín ni mo fẹ́ fi oògùn sí. Aláìsàn mélòó ló wà?"

"Kò sí."

"Kò sí rárá?"

"Mo ní kò sí. Ṣé kí n bí aláìsàn fún ọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì róbótó kan sára ilẹ̀kùn, ó kọjá sí ilé kejì.

Ìyá rẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ibi tó wà sí wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti ki ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ kí igbe má baà jáde. Òun náà ti kọ́ ọ, èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tí mo wọlé, ó bi mí pé, "Ṣé ó ti lọ?" Mo ní ó ti lọ. Ó ní, "Alhamdulillahi." Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ó ti kú. Ẹni méjì sí i nínú àgbàlá kú lọ́sẹ̀ yẹn. Inú táǹkì kan náà ni gbogbo wa ti ń pọnmi, táǹkì tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ fi oògùn sí.

Nígbà tí o dé láti Kumasi, o bi mí pé, "Àwọn wolé-wolé ńkọ́?" Mo ní wọn kò wá. Ó rọrùn láti sọ. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára.

Tíṣà ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ọmọ yìí kò ní dárí jì ọ́." Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo pè é wá kọ. Mo ní kó gbé bírò rẹ̀. Irọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ mi náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́ lórí fóònù.

N kò mọ̀ pé òdo ni àmì yẹn. Mo rò pé wọ́n fi sàmì pé ilé wa mọ́ ni. Mo tiẹ̀ ń lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má baà fọwọ́ pa á rẹ́. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ ni mo tó bi Tíṣà. Ó ní, "Òdo ni." Mo ní kí ni òdo ń sọ? Ó ní, "Ó ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbí." Láti ọdún náà, bí oṣù tí ìyá rẹ kú bá ti dé, mo máa ń mú ṣọ́ọ̀kì, mo máa ń tún un fà kó má baà parẹ́. O ti bi mí rí, mo ní nọ́ńbà ilé ni. O ti wá mọ̀ báyìí.

Ọ̀gá rẹ ní bí àrùn bá wà níbẹ̀, wọ́n á sọ. Sọ fún un pé bàbá rẹ wà lára àwọn tó ń pè ní "wọ́n" yẹn. Sọ fún un pé o mọ orúkọ ẹni tó wà nínú òdo kan. Sáfúrátù ni. Ẹ̀rù lè kọ òdo. Ẹni tí iná ti jó rí lè kọ ọ́. Bi ẹ̀rọ yẹn bóyá ó mọ ìyàtọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó sọ pé òun kò mọ̀. Ojú kì í ti èmi láti sọ pé n kò mọ ìwé. Kí ló dé tí ojú ń ti irin?

Wọ́n máa ní o ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n máa ní bí àrùn bá dé lọ́la tí kò sí ẹ̀rọ, ọrùn rẹ ló wà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Dá wọn lóhùn pé o kò ní kí wọ́n da ẹ̀rọ nù. O ní kí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn wọ àgbàlá wa. Kí wọ́n rán ẹni tó mọ̀ wá, ẹni tó lè jókòó, kó gba omi mu, kó bi wá nípa ọmọ wa kó tó ṣí ìwé. Ọmọbìnrin yẹn kò burú. Ìta la fi í sí. Kí wọ́n ṣèlérí fún wa pé iye tí a bá pè kò ní dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí ìlérí náà sì jẹ́ òótọ́. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, a máa mọ̀, a ó sì tún padà sí "kò sí."

Má bú ọ̀gá rẹ. Má sunkún níwájú rẹ̀. Bí ẹkún bá ń bọ̀, lọ sí ilé ìtọ̀, sun ún tán, bọ́jú, padà wá. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí gbogbo wọn ti máa gbọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Jẹ wáákyé kí o tó lọ, kí ìrẹsì àti ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀, kí o jẹ ẹyin sí i. Ebi máa ń mú kí ohùn èèyàn gbọ̀n, wọ́n á sì rò pé ẹ̀rù ni.

Bí wọ́n bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé ọ. Odidi ìjọba ní kí n kúrò nílùú yìí, èmi rèé. Ìjọba yẹn dà? Àwọn mìíràn ti dé, wọ́n ti lọ, a ti ń dìbò láti ìgbà tí o wà lọ́mọdé, tábìlì mi sì ṣì wà ní Circle. Ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan títí o máa fi ríṣẹ́ mìíràn.

N kò bẹ̀ ọ́ kí o dárí jì mí. Bí o kò bá fẹ́ rí mi fún ìgbà díẹ̀, má wá, màá mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n má torí ìbínú sí mi fọwọ́ sí ìwé yẹn, má sì torí ìbínú sí mi kọ̀ ọ́. Kọ̀ ọ́ torí pé kò dáa. Kí o sì lọ tún ohun tí o kọ nínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ ṣe. Sọ fún wọn pé wolé-wolé wá, bàbá rẹ ló lé e. Ìtìjú mi ni, fi í ṣiṣẹ́.

Ọ̀la ni Tíṣà máa wọ ọkọ̀ tòròtóró mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Kó tó pa á dé, mo ní kó dìde, kó ka gbogbo ẹni tó wà nínú àgbàlá yìí, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tí wọn kò tíì níwèé. Mo ti bi wọ́n láàárọ̀, wọ́n ti gbà. Ó jáde, ó pẹ́ díẹ̀, ó padà wọlé.

Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún."

Mo ní, "O kò ka ara rẹ."

O mọ̀ pé Accra ni wọ́n bí Tíṣà sí, yàrá ìkẹyìn nínú àgbàlá yìí ló sì ń gbé láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ti kọ lẹ́tà fún ìdajì àwọn èèyàn Lagos Town, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èèyàn kọ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ní ọjọ́ orí mi yìí?" Mo ní, "Ka ara rẹ, jàre. Èmi tí mo kọ́ wa ní irọ́ ni mo ní kí o ka ara rẹ."

Ó fi aṣọ tútù nu òdo yẹn kúrò. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì mi. Méjìdínlógún ló kọ síbẹ̀. Kò gún dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní a lè kà á láti ojú títì. Aláìsàn kan ló wà nínú wa, èmi ni, orókún ń dùn mí.

Mú iye yẹn lọ fún wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló sọ ọ́, dárúkọ mi.

Bàbá rẹ,
Làmídì Oníkọ́kọ́rọ́,
ọ̀kan nínú àwọn méjìdínlógún.